Bàbá Fryco Hejduška ti Wólšynka, Abúlé tí Kò Sí Mọ́ (1938–2021)

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá ọdún 1938 ni a bí olóògbé, Bàbá Fryco Hejduška, ní abúlé Wólšynka ní ilẹ̀ Lusatia, ní ìlà-oòrùn Jámánì. Ọmọ Sọ́ọ̀bù, ẹ̀yà kékeré tó ní èdè tirẹ̀ láàárín àwọn ará Jámánì, ni wọ́n, tìyá tìbàbá. Kito Hejduška, káfíńtà tó kan àga inú ṣọ́ọ̀ṣì abúlé, ni bàbá tó bí wọn. Liza, ọmọ ilé Nowka, ni ìyá wọn. Akọ̀wé ìjọba kò gbà láti kọ Fryco sínú ìwé ìbí. Friedrich, orúkọ Jámánì, ló kọ, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ wọn fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún. Ogun mú bàbá wọn lọ ní 1943. Kò padà wálé, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n sin ín sí.

Ní 1944 ni Bàbá bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́. Èdè Sọ́ọ̀bù nìkan ni wọ́n gbọ́ nígbà náà, ìjọba ìgbà náà sì ti fòfin dè é. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi èdè ìyá wọn kí olùkọ́, ìgbátí ni olùkọ́ fi dá wọn lóhùn. Lẹ́yìn ogun, wọ́n kọ́ṣẹ́ iná mànàmáná, wọ́n sì ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tó ń fi èédú pèsè iná títí di 1990. Ní 1962, wọ́n gbé arábìnrin Lejna Měto níyàwó. Ọlọ́run fi Pawoł àti Marlena ta wọ́n lọ́rẹ.

Láàárín ọdún wọ̀nyí, èédú tí Bàbá fi ń jẹun ń jẹ àwọn abúlé tó yí wa ká. Àwọn awakùsà á wó ilé, wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n á kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sínú ilé alájà gíga ní ìgboro, ọ̀kan síhìn-ín, ọ̀kan sọ́hùn-ún. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, àwọn ọmọ wọn kì í gbọ́ Sọ́ọ̀bù mọ́. Bàbá mọ púpọ̀ nínú wọn lórúkọ.

Nígbà tí ìjọba yí padà ní 1990, wọ́n dìbò yan Bàbá sí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Bàbá búra ní èdè Jámánì, wọ́n sì tún ìbúra náà ṣe ní Sọ́ọ̀bù. Aṣòfin kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, “Ṣé ká lọ pe ògbufọ̀ ni?” Bàbá ní, “Ẹ lọ pè é. Ó ti pẹ́ tí àwa ti ń túmọ̀ fún yín.” Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gba orúkọ wọn, Fryco, padà sínú ìwé ìjọba.

Ní 1995 ni ó kan Wólšynka. Èédú wà lábẹ́ rẹ̀, òfin tí wọ́n máa fi wó o sì ti dé ilé aṣòfin. Olórí ẹgbẹ́ òṣèlú wọn pè wọ́n sí ọ́fíìsì, ó ní, “Ọ̀gbẹ́ni Hejduška, òfin yìí á kọjá, ẹ bá wa dìbò, ẹ má bá wa dìbò. Tí ẹ bá kọ̀, àwọn mìíràn ló máa pinnu ibi tí àwọn ènìyàn yín máa sùn.” Bàbá béèrè pé, “Tí mo bá gbà ńkọ́?” Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ máa pinnu.”

A kò ní fi bò níbí: olóògbé dìbò pé kí wọ́n wó abúlé tí wọ́n bí wọn sí. Ohun tí wọ́n gbà dípò rẹ̀ wà nínú òfin náà: kí gbogbo Wólšynka ṣí lọ pọ̀ sí ojú kan, ilé ẹgbẹ́ ilé, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn òkú, àti ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n á ti máa fi Sọ́ọ̀bù kọ́ ọmọ.

Bàbá fúnra wọn ló kó ọ̀rọ̀ náà lọ bá ìyá wọn. Màmá Liza ń bó ọ̀dùnkún lọ́wọ́.

“Fryco, ṣé lóòótọ́ ni pé o nawọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mama.”

“Ọwọ́ wo?”

Bàbá na ọwọ́ ọ̀tún. Màmá wò ó títí, wọ́n ní, “Má fi kàn mí mọ́.”

Ọdún méje ni Màmá tún lò láyé. Bàbá kò fọwọ́ kàn wọ́n mọ́ títí a fi tẹ́ wọn sínú pósí.

Ní 1998 ni wọ́n hú àwọn òkú láti kó wọn lọ sí Wólšynka Tuntun, ibi tí gbogbo abúlé ń ṣí lọ. Bàbá ń lọ síbẹ̀ láràárọ̀, wọ́n á ṣí fìlà wọn, wọ́n á dúró. Ibẹ̀ ni Matis Nowka, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá wọn, ti tutọ́ sí wọn lẹ́sẹ̀. “Àwọn tó ti kú pàápàá, o ò jẹ́ kí wọ́n sinmi.” Nínú ìbò tó tẹ̀ lé e, abúlé wọn gan-an ló kọ́kọ́ kọ̀ wọ́n sílẹ̀.

Bàbá kò pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ ní Wólšynka Tuntun. Àga ẹ̀yìn ni wọ́n ń jókòó sí pẹ̀lú Màmá Lejna. Lẹ́yìn tí Màmá Lejna kú ní 2016, àwọn nìkan. Àìsàn ọkàn ló mú wọn lọ ní ọjọ́ kejìlá oṣù kejì ọdún 2021.

Ìgbìmọ̀ abúlé pàdé lórí bóyá kí a sin wọ́n síbí. Àwọn kan ní kí a gbé wọn lọ sí ìgboro. Matis Nowka, tó ti di arúgbó, dìde. “Èmi ò tíì dárí jì í. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ-ọmọ mi ń fi èdè wa bú ara wọn lójú títì. Òun ló kó wa wá síbí. Ibí ni kó sùn.” Ìbò méjì péré ni àwọn tó gbà fi ju àwọn tó kọ̀ lọ.

Bàbá fi sáyé lọ: Pawoł, tó ń gbé ní Hamburg; Marlena, olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Wólšynka Tuntun; ọmọ-ọmọ mẹ́ta, Jana, Tomas àti Hanzo; àti Mina, ọmọ Jana, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ.

Ẹ sinmi, Bàbá wa. Ẹ ti ru ẹrù yín débi tó yẹ. Kí Olúwa fi ilẹ̀ yìí sílẹ̀ fún yín, kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́ ẹ mọ́.