Oyún Tí Mo Ní Nítorí Ilé Ìwòsàn

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ariwo ìlú ńlá. Bá mi kí àwọn ọmọ-ọmọ mi. Ohun tí o bá dáwọ́ lé kò ní bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Gbogbo wa ní ilé wà ní àlàáfíà, àfi èmi tí mo lóyún, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí àyà rẹ já, èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì wa ló sọ pé ìjọba fẹ́ ti ilé ìwòsàn pa ní ìparí oṣù yìí, wọ́n ní àwọn aláìsàn kò tó nǹkan mọ́, owó kàn ń ṣòfò. Oṣù tó ń bọ̀ sì ni ìyàwó àbúrò rẹ máa kúnlẹ̀, ilé ìwòsàn mìíràn tó sún mọ́ wa, odò tí kò ní afárá ló wà láàárín. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo bá kó àwọn obìnrin kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà wa lẹ́yìn, àwa méje, a lọ gba fọ́ọ̀mù aláìsàn. Bí o ti mọ̀, èmi ni mo ń gbapò kìíní níbẹ̀. Olùkọ́ wa sì ti kọ́ wa pé ẹni tó bá fi àyè kankan sílẹ̀ lófìfo nínú fọ́ọ̀mù kò tíì ṣe nǹkan kan, nítorí náà mo fi àmì sí gbogbo rẹ̀: ibà, ikọ́, akokoro, oyún. Níbi ọjọ́ orí, mo kọ ọ́ gaara pé ọdún mọ́kànléláàdọ́rin.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ọ̀gá kan fi dé láti ọ́fíìsì ìjọba, ó ní òun fẹ́ fojú kan aboyún náà. Ó wò mí, ó wo fọ́ọ̀mù, ó ní màmá, oyún oṣù mélòó ni? Mo ní wọn kò béèrè ìyẹn nínú fọ́ọ̀mù.

Ó ní ìnáwó lásán ni ilé ìwòsàn tí kò ní aláìsàn. Mo wá sọ ohun tí o kọ sí mi lọ́jọ́sí fún un, pé owó tí ìjọba bá ná sí ìlera ará ìlú ló ń mú ọrọ̀ ajé dàgbà. Mo ní kí ó wo bíríkìlà àdúgbò wa, tí ibà máa ń dá dùbúlẹ̀ fún oṣù mẹ́ta lọ́dún, láti ìgbà tí nọ́ọ̀sì ti dé, ó ti kọ́ ilé mẹ́rin, ó gba òṣìṣẹ́ márùn-ún, télọ̀ ń rán aṣọ iṣẹ́ wọn, gbogbo wọn ló sì ń san owó orí. Mo ní a kò ṣàìsàn mọ́, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ wa nìyẹn? Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù, ìjọba da omi síwájú tán, ó wá fẹ́ gba ẹ̀yìn lọ.

Ọ̀gá náà fọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rò pé ikọ́ ni, mo ní kí ó lọ gba fọ́ọ̀mù. Nígbà tó yá, ó kọ̀wé, ó ní òun kò lè ti ilé ìwòsàn pa mọ́ aboyún tó dàgbà tó báyìí lórí, àfi tí mo bá bímọ.

Nítorí náà, jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí télọ̀ rán aṣọ tó fẹ̀ dáadáa fún mi, torí ọ̀gá náà ní òun yóò máa wá wò mí. Sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ níbi tí ẹ ti ń ṣírò ọrọ̀ ìlú pé ìlera loògùn ọrọ̀.

Ọlọ́run yóò sọ ìyàwó àbúrò rẹ kalẹ̀ ní ìrọ̀rùn, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ní ti tèmi, kí ó jẹ́ kí oyún náà pẹ́ níkùn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ