Ọ̀sẹ̀ Tí Mo Sín Ẹ̀rọ Jẹ

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù kẹta

Mo jẹ̀bi, mo gbà. Ṣùgbọ́n ó dùn.

Ètò orí kọ̀ǹpútà tí Gíláàsì kọ fún ilé ìwòsàn (bọ̀dá mi nìyẹn, gíláàsì kan lójú, èkejì lórí), apá méjì ni. Mo ti sọ wọ́n lórúkọ. Abéèrè wà lórí tábìlì nọ́ọ̀sì, Ìyá Sùúrù. Tó bá tẹ nọ́ḿbà káàdì aláìsàn, Abéèrè á gbé e lọ bá Adáhùn nínú yàrá ẹ̀yìn, Adáhùn á dá orúkọ padà, àti yàrá tí aláìsàn máa wọ̀. Ihò kan ni wọ́n ń gbà bára wọn sọ̀rọ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ni Gíláàsì ń pè é — kì í ṣe ti iná ara ògiri o.

Lónìí mo pa Adáhùn, mo jókòó sí àyè rẹ̀, mo fi ọwọ́ ara mi dáhùn: Dókítà, yàrá abẹ́rẹ́. Ìyá Sùúrù kò tiẹ̀ wo ohun tó ń kà, ó ké e sókè. Dókítà dìde lọ. Ó ti ká apá aṣọ kó tó fura.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Gíláàsì fi gbogbo ọjọ́ tún Abéèrè kọ, ó rò pé mi ò ní lè fi ṣeré mọ́. Ó kàn ń mí bí ìkòkò tó fẹ́ hó. Mo ti mọ mímí náà sín jẹ.

Ọjọ́ Ajé, 10

Wàhálà. Ìyá Sùúrù tẹ nọ́ḿbà, Abéèrè kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ pé òun ti dé ọ̀dọ̀ Adáhùn, gbogbo rẹ̀ wá dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sí èsì. Kò sì sọ pé nǹkan kan bàjẹ́. Èèyàn kún bẹ́ǹṣì, àwọn kan ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Ẹni tó jalè lẹ́ẹ̀kan, bó da àrán bora…

Mo búra pé kì í ṣe èmi. Gíláàsì ní bí òun bá rí ọwọ́ mi nínú ẹ̀, mi ò ní fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà òun mọ́ láyé, kí n padà sí ilé-ìwé girama tí mo já sílẹ̀. Dókítà fún Gíláàsì ní àyè di ọjọ́ Ẹtì. Bí ètò náà kò bá ṣiṣẹ́, kó wá kó ẹrù rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni olùkọ́ tí kò tíì lé mi síta rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Gíláàsì pààrọ̀ wáyà. Ó pa á, ó tàn án. Ó pa á, ó tàn án. Ohùn Ìyá Sùúrù ti há níbi tó ti ń ké nọ́ḿbà. Mo bá a ké e, ní ohùn rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú "ẹ ní sùúrù, ẹ̀yin èèyàn mi" rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn. Òun fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ohùn kò sí nínú ẹ̀rín ọ̀hún.

Ọjọ́rú, 12

Níbi tí mo ti ń fọ abọ́ ni èrò náà ti wá. Èmi tí mò ń sín gbogbo ayé jẹ, kí ló dé tí mi ò sín Abéèrè jẹ?

Gíláàsì lọ jẹun. Mo bẹ Ìyá Sùúrù, ó ṣí yàrá ẹ̀yìn fún mi. Mo ṣí ojú dúdú tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí, mo kan ilẹ̀kùn Adáhùn, mo tẹ 4471, mo tẹ Ẹ́ńtà. Kíá. Orúkọ, yàrá kejì.

Ara Adáhùn le koko. Abéèrè ni àrùn ń ṣe.

Ọjọ́bọ, 13

Ohun tó gbé mi dé inú wàhálà náà ni mo tún ṣe: mo jókòó sí àyè Adáhùn. Ìyá Sùúrù tẹ 4471 níwájú. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, pípé, kò dín. Mo tẹjú mọ́ ọn. Àmì kékeré tó máa ń ṣẹ́jú yẹn dúró gbọnin lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ḿbà náà. Kò bọ́ sí ìlà kejì. Lánàá tí mo fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́, ó bọ́ — nítorí Ẹ́ńtà!

Abéèrè ń sọ̀rọ̀, kò sọ pé òun ti sọ tán. Adáhùn, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, kì í já lu ọ̀rọ̀. Ó ń dúró kí ọ̀rọ̀ parí. Abéèrè náà ń dúró de èsì. Bí àna méjì lẹ́nu ọ̀nà: ẹ máa wọlé, rárá, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọlé. Gíláàsì ti fo àmì òpin ìlà nígbà tó ń tún ètò kọ. Ohun tó mú un tún un kọ, mi ò ní kọ ọ́ síbí lẹ́ẹ̀mejì.

Gíláàsì ká mi mọ́bẹ̀. Ó ti la ẹnu èébú. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ wo ibi tí àmì yẹn dúró sí."

Ó wò ó. Ó bọ́ gíláàsì ojú, ó fi ti orí wò ó. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Àmì kan ṣoṣo ni Gíláàsì fi kún un. Kí aago mẹ́wàá tó lù, bẹ́ǹṣì ti ṣófo. Dókítà na ọwọ́ sí Gíláàsì. Ó lè gbà á o, ta ló máa mọ̀? Ó ní, "Ẹ bọ àbúrò mi lọ́wọ́, sà. Òun ló rí i."

Dókítà wo ọwọ́ mi níwájú, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ rí i pé kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀ ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Gíláàsì fi ètò náà hàn mí. Lókè pátápátá, níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó ṣe é sí, orúkọ ti di méjì. Lábẹ́ tèmi ó kọ ọ́: Ohunkóhun kò gbọdọ̀ dé ilé ìwòsàn kí àbúrò mi tó sín in jẹ.

Mo kà á sókè ní ohùn Gíláàsì. Mo kà á ní ohùn dókítà. Mo kà á ní ohùn Ìyá Sùúrù, ti ìgbà tó há àti ti ìgbà tí kò há. Mo wá kà á ní ohùn ara mi.

Tèmi ló dùn jù.