Ẹ̀wù Kòkòrò Tí Ojú Kò Rí

Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Adùnọlá ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí oyún inú rẹ, mo kí Teslim ọkọ rẹ. Bí ilẹ̀ Sùúrùlérè ṣe ń mọ́, kí ó máa mọ́ yín sí ire. Ọlọ́run tó sọ̀ mí kalẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bí ọ yóò sọ ìwọ náà kalẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí o, n kò bẹ ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ àgbà ní ọwọ́ mi ti ń tọ́ lórí ìlà, ó sì pe àwọn tó kù wá wò ó.

Ìdí tí n kò fi pè ọ́ ni pé fóònù Bàṣírátù aládùúgbò wa kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ọjọ́ tí o pè tí ò ń sunkún, pé wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò nílé ìwòsàn, wọ́n sì bá kòkòrò jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ níbẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ pé Bàṣírátù lọ pọnmi, àdúgbò ì bá gbọ́.

O ní o kò ní padà sí ilé ìwòsàn yẹn mọ́, pé ọ̀dọ̀ ìyá agbẹ̀bí kan ní Múṣín lo máa bí sí, kí Teslim má baà gbọ́, kó má baà bi ọ́ pé ọ̀dọ̀ ọkùnrin wo lo ti kó o. Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n jókòó. Mo wọ bàtà mi, mo lọ bá Nọ́ọ̀sì Caroline ní ilé ìwòsàn ìjọba tó wà nítòsí ọjà, mo ní kí ó yẹ èmi náà wò. Nígbà tó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò tán mo ní kí ó dá ìyókù padà fún mi, torí ẹ̀jẹ̀ àgbà kì í pọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Màmá, kò sí ìyókù. Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ó wà lára èmi náà.

Ó jókòó ṣàlàyé fún mi. Ó ní kòkòrò yìí kì í jẹun, kì í mí, kò sì lè dá bímọ. Inú ẹ̀dọ̀ ènìyàn ló ń wọ̀, á sọ ẹ̀dọ̀ náà di ẹrú, á ní kó máa bá òun ṣe irú òun jáde. Mo ní ó ti yé mi: àfòmọ́ kò légbò, igi gbogbo ní í bá tan. Nọ́ọ̀sì ní ó lè dákẹ́ sára ẹni títí ẹni náà á fi darúgbó, ó sì lè jí lọ́jọ́ kan kó ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Láti ọjọ́ náà n kò jẹ ẹ̀dọ̀ ewúrẹ́ mọ́, kí kòkòrò tèmi má baà rí ẹgbẹ́ níbẹ̀. Mo tún ya ṣíbí mi sọ́tọ̀, Nọ́ọ̀sì ní kí n dá a padà, pé kì í ti ara abọ́ ranni. Ẹ̀jẹ̀ ló ń bá rìn, ó lè ti ọ̀dọ̀ ọkọ dé ọ̀dọ̀ aya, ìyá sì máa ń fi ran ọmọ lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀.

Ṣé o ti rí i báyìí? Nọ́ọ̀sì ní ó dà bíi pé lára mi lo ti gbà á. Èmi náà ńkọ́? Bóyá lára ìyá mi, bóyá lára abẹ tí wọ́n fi sín gbẹ́rẹ́ fún gbogbo ọmọ agbo ilé wa lọ́jọ́ kan náà, láti orí dé orí, tí wọ́n kàn ń fi ewé nù ún. Abẹ yẹn ni mo dì sínú aṣọ pé màá gbé wá fún orí ọmọ rẹ. Mo ti jù ú sí ṣáláńgá. Àwọn ẹbí bínú, wọ́n ní ìwé ti gun ìyá àgbà lórí. Mo ní àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Nígbà tí ikùn bàbá rẹ wú, tí ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí ìbẹ́pẹ, ẹni tó fún un ní májèlé ni gbogbo wa ń wá. Kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. N kò lè sọ lónìí pé ohun báyìí ló pa á, ṣùgbọ́n mo mọ bí ilé ṣe ń dàrú nígbà tí a bá ń wá ẹni tí a máa di ẹ̀bi rù. Kó má ṣẹlẹ̀ nílé rẹ.

Abẹ́rẹ́ kan wà tó ń dènà kòkòrò yìí, tí wọ́n gbọ́dọ̀ gún fún ọmọ lọ́jọ́ tó bá dáyé gan-an. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ pé ìyá agbẹ̀bí yẹn kò ní ju ewé àti ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ilé ìwòsàn ni kí o bímọ sí. Nọ́ọ̀sì ní kì í ṣe kòkòrò náà ló wà nínú abẹ́rẹ́, ẹ̀wù rẹ̀ nìkan ni, kí àwọn ọmọ-ogun inú ara lè dá a mọ̀ bó bá yọjú. N kò mọ ẹni tó bọ́ ẹ̀wù lára ohun tí ojú kò rí, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ rẹ̀ má rọ. Mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí wọ́n gún un nínú òkùnkùn. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, kí ọmọ rí ọrùn ẹ̀wù náà, kó rí apá rẹ̀, kó má ṣì í mọ̀ lọ́la. Mo ti ra tọ́ọ̀ṣì náà.

Bí ẹnu rẹ kò bá gbà á láti sọ fún Teslim, má sọ. Mò ń bọ̀. Màá jókòó síwájú rẹ̀, màá ní ohun tó wà lára aya rẹ, èmi ìyá rẹ̀ ni kí o bi. Kí òun náà lọ yẹ ara rẹ̀ wò, bí kò bá sì ní in, kó gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀. Ó mọ̀ pé n kì í parọ́ fún àna.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kí o fi díẹ̀ lé e fún bátìrì tọ́ọ̀ṣì, èyí tó bá a wá ti ń ṣe bàìbàì. Má gbé e gba fóònù Bàṣírátù o, fóònù tí kì í lè pa ọ̀rọ̀ mọ́, báwo ló ṣe máa pa owó mọ́? Awakọ̀ ni kí o fi rán.

Gbogbo ọmọ ilé wa, abẹ ló kọ́kọ́ kàn wọ́n lára. Kí ti ọmọ yìí jẹ́ abẹ́rẹ́, ní itan, nínú ìmọ́lẹ̀. Ohun tí mo fún ọ láìmọ̀, kí ọmọ rẹ má jogún rẹ̀. Bó bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí àwọn ọmọ-ogun inú ara rẹ̀ dá a mọ̀ láti ara ẹ̀wù, kí wọ́n sì tìlẹ̀kùn. Àmín.

Èmi ìyá rẹ,
ìyá àgbà ọmọ tó ń bọ̀.