Bíbélì Mẹ́ta Lọ́wọ́ Màmá

Ọjọ́ Ajé, 3 Ẹrẹ́nà

Àgbà já lónìí. Àgbà ni mo ń pe Bíbélì Màmá – mo bá a nílé kí n tó mọ̀wé kà, inú rẹ̀ náà ni Màmá ti kọ́ mi ní ìwé kíkà. A wà lórí àdúrà òwúrọ̀ ni ẹ̀yìn rẹ̀ ya, tí ìdajì ewé rẹ̀ sì tú sílẹ̀. Màmá kò bẹ̀rẹ̀ ṣà á. Wọ́n ní kí àwa tí ẹ̀yìn wa ṣì ń tẹ̀ ṣà á.

Mo ní n ó ra tuntun fún wọn fún ọjọ́ ìbí wọn, irú èyí tó ní àlàyé nísàlẹ̀ ewé àti àwòrán ilẹ̀, nítorí kíláàsì àwọn ìyá àgbà tí wọ́n ń kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní, “Dókítà, kí ni mo fẹ́ fi àwòrán ilẹ̀ ṣe? Ṣé mo fẹ́ sá lọ ni?”

Bí mo ṣe ń wọ bàtà, wọ́n ní lọ́jọ́ tí àyè bá yọ, kí n bá àwọn wo ojú yìí. Mo ní Sátidé. Awò wọn ló ti pẹ́. Bíbélì onílẹ́tà ńlá yóò yanjú ìdajì rẹ̀. Iṣẹ́ ojú ni iṣẹ́ mi, n kò lè gbàgbé.

Ọjọ́bọ̀, 6 Ẹrẹ́nà

Èrò kún ilé ìwòsàn. Mo yọ́ jáde lọ́sàn-án lọ sí ilé ìtàwé. Jẹ́jẹ́ ló wà níbẹ̀ – orúkọ tí mo sọ olùtàwé yẹn nìyẹn, nítorí bó ṣe máa ń gbé ìwé bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Mo tọ́jú ojú rẹ̀ nígbà kan, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé. Ó to Bíbélì kalẹ̀ títí n kò fi rí tábìlì mọ́.

Méjì ló kù nígbà tí mo yẹ̀ wọ́n wò tán. Pupa: ó ń tẹ̀ lé èdè àtijọ́ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó le lẹ́nu, lẹ́tà rẹ̀ kéré. Búlúù: ìtumọ̀ ló ń wá, ó ń sọ ọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ lónìí, lẹ́tà rẹ̀ tóbi, àlàyé kún ìsàlẹ̀ ewé rẹ̀. Kò sí èyí tó ń purọ́ nínú méjèèjì. Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ lè sọ ìtumọ̀ nù lọ́nà. Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé ìtumọ̀, á fi èrò tirẹ̀ bù ú lómi díẹ̀. Mo ṣàlàyé èyí fún Jẹ́jẹ́ títí ó fi ní, “Dókítà, èmi ni mò ń tà á o.”

Mo gbé ewé wọn síbi iná, kí n mọ̀ bóyá lẹ́tà ẹ̀yìn ń yọ síwájú. Ti Pupa ń yọ. Ti Búlúù kò yọ.

Jẹ́jẹ́ ní kí n gbé méjèèjì lọ ilé, kí n dá èyí tí Màmá kò bá fẹ́ padà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Ẹrẹ́nà

Ó yẹ kí n wo ojú Màmá lónìí. Bíbélì la yẹ̀ wò dípò rẹ̀.

Mo ṣe é bó ṣe tọ́. Àga kan náà, iná kan náà, ìwé ní ìwọ̀n ọwọ́ kan náà sí ojú, ibi kíkà kan náà nínú Bíbélì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ní kí Màmá fúnra wọn mú ibi tí wọ́n fẹ́. Wọ́n mú Sáàmù olùṣọ́-àgùntàn. Mo ń ṣí i, mo ń gbé e lé wọn lọ́wọ́, mo mú bírò dání, mò ń tẹ́tí sí ibi tí wọ́n bá ti kọsẹ̀.

Wọn kò kọsẹ̀ níbì kankan. Àgbà, Pupa, Búlúù – ó ń lọ geere. Kódà Pupa, pẹ̀lú lẹ́tà rẹ̀ bí ẹsẹ̀ èèrà. Orí mi wú. Nínú àwọn tí mò ń wò lọ́sẹ̀, àwọn tí kò tó ìdajì ọjọ́ orí wọn kò lè kà á báyẹn. Mo sọ fún wọn pé ojú wọn kò ní nǹkan kan, pé awò nìkan la máa pààrọ̀, kò sí ìkánjú. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, “Bí o bá ti sọ bẹ́ẹ̀.”

Mo béèrè èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù. Wọ́n ní ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀. Mo ní kí wọ́n ka àlàyé ìsàlẹ̀ ewé Búlúù fún mi. Wọ́n ní, “Èyí tí ìwọ ń ṣe fún mi látàárọ̀ ò tíì tán, o fẹ́ kí n tún ka ti ẹlòmíì.”

Nígbà tí wọ́n ń dìde, wọ́n fi ẹsẹ̀ gbá àpótí ìjókòó. “Ta ló gbé e síbí?” Èmi ni – nítorí iná.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Ẹrẹ́nà

Màmá kọ́ kíláàsì wọn láti inú orí, ìdajì Àgbà lórí itan. Àwọn ìyá àgbà ń ṣe àmín. Mo gbéra ga díẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Ẹrẹ́nà

Mo mú Bíbélì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá sí ọ́fíìsì, kí n lè fi wọ́n wéra fúnra mi nígbà oúnjẹ ọ̀sán. Mo tẹ́ wọn sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ní Sáàmù kan náà.

Búlúù kò jọ Àgbà rárá. Láti ìlà àkọ́kọ́ ló ti gba ọ̀nà tirẹ̀. Gbólóhùn kúkúrú. Níbi àfonífojì òkùnkùn yẹn, ó sọ ọ́ lọ́nà tí n kò gbọ́ rí.

Tí n kò gbọ́ rí. Ṣùgbọ́n Màmá kà á sí mi létí ní Sátidé.

Mo padà lọ sórí rẹ̀ lọ́kàn mi. Ohun tí wọ́n kà láti inú Búlúù, ọ̀rọ̀ Àgbà ni. Láti inú Pupa pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ Àgbà ni. Ìkọsẹ̀ nìkan ni mò ń fetí sí, n kò fetí sí ọ̀rọ̀.

Ẹnu ló máa ń sáré lọ síbi tó mọ̀. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí gbogbo wa. Èèyàn á máa wo tuntun, á máa pe ti tẹ́lẹ̀. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ara mi dáadáa, mo sì jẹun. Kò sí ohun tí n kò lè ṣàlàyé títí yóò fi lọ.

Ọjọ́rú, 12 Ẹrẹ́nà

Dírẹ́bà kan wá gba ìwé ẹ̀rí ojú fún láísẹ́ńsì. Ó ti jókòó síta, ó ń gbọ́ bí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ṣe ń ka pátákó lẹ́tà, ó sì ti há a sórí látòkè délẹ̀. Nọ́ọ̀sì wa mọ irú wọn. Ojú méjì ni pátákó wa ní. Bí ó bá ti fura, á kàn yí i padà. Ó yí i. Dírẹ́bà gbójú sí ojú kejì, ó ń ka ti ojú àkọ́kọ́ lọ, kò tilẹ̀ mí.

Nọ́ọ̀sì ní, “Ọ̀gá, etí ni bàbá yìí fi ń wakọ̀.” A rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó.

Bí mo ṣe jókòó báyìí, ẹ̀rín náà tán.

Ọjọ́bọ̀, 13 Ẹrẹ́nà

Mo ṣe é.

Lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, mo ṣí Búlúù síwájú-síwájú, níbi tí ó ti ń to orúkọ ìran, ẹni tó bí lágbájá àti ẹni tí lágbájá bí. Mo gbé e lé Màmá lọ́wọ́. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún ka Sáàmù yẹn, mo fẹ́ gbọ́ ọ dáadáa.” Ohùn mi dùn. Ohùn tí mo máa ń lò fún àwọn tí mo bá fura sí ni.

Wọ́n gbé ìwé náà dání fún ìgbà díẹ̀. Àtàǹpàkò wọn ń rìn ní etí ewé. Wọ́n wá tẹ orí ba, wọ́n fi ìka sórí ìlà, wọ́n sì ka Sáàmù náà fún mi, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìka wọn ń gba orí orúkọ àwọn baba ńlá kọjá lọ.

Mo ní, “Ẹ ṣeun, Màmá, ó dáa.” Mo lọ jókòó sínú mọ́tò. N kò tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Mo mọ ohun tó lè jẹ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ: omi inú ojú ni kì í ráyè jáde, tó wá ń ti iṣan tó ń gbé ìríran lọ. Kì í dunni. Láti ẹ̀gbẹ́ ló ti ń jẹ ìríran bọ̀ wá sí àárín, bí ìgbà tí ẹnì kan ń pa iná ilé ní yàrá kan tẹ̀ lé òmíràn, tí onílé kò mọ̀ àfi ìgbà tó bá ku ti yàrá tó jókòó sí. Èyí tó bá ti lọ kò ní padà. Èyí tó kù nìkan la lè gbà sílẹ̀, bí a bá tètè dé.

Ó yẹ kí n gbé wọn lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀ mo yí pátákó padà fún ìyá tó bí mi, bí ẹni pé láísẹ́ńsì ni wọ́n wá gbà. Mo sì lọ síbi iṣẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Ẹrẹ́nà

Mo wo ojú gbogbo ayé lónìí. N kò wo ti ìyá mi. Ẹ̀rù ń bà mí, òun náà nìyẹn, kò ní àlàyé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Ẹrẹ́nà

Mo ní kí Màmá wọṣọ, a ń jáde. Wọn kò béèrè ibi tí à ń lọ. Mo ṣí ilé ìwòsàn fúnra mi. Nọ́ọ̀sì ti ilé rẹ̀ wá.

Oògùn tí à ń kán sójú. Àgbọ̀n lórí ẹ̀rọ. Iná. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n, ìyẹn ló ń dójú tì mí.

Ojú ọ̀tún ti kú. Iṣan rẹ̀ funfun báláú. Òsì: ìkùukùu bo dígí inú rẹ̀, omi inú rẹ̀ ń tì í gan-an, ṣùgbọ́n ó ṣì kù. Bí a bá ṣí i kíákíá, ká yọ ìkùukùu yẹn, ká sì la ọ̀nà fún omi, wọ́n lè rí ohun tó wà níwájú wọn gangan. Wọ́n lè kàwé.

Ọ̀sẹ̀ kan kọ́ ló pa ojú ọ̀tún. Mo lè fi ìyẹn tu ara mi nínú. Ọdún tó fi ń kú, inú ilé mi ló ti ń kú, a jọ ń jẹun lórí tábìlì kan.

Mo ṣàlàyé fún wọn. Mo fa ìwé yọ, mo ya ojú, mo ya iṣan, mo fi ọfà síbi tí omi ń gbà, mò ń sọ pé “ẹ wo ibí yìí, Màmá.” Nọ́ọ̀sì ló rọra gba bírò lọ́wọ́ mi.

Màmá ní, “O ti parí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, “Ìwé tó o gbé fún mi lọ́jọ́bọ̀, iwájú lo ṣí i sí. Ọwọ́ òsì mi ò gbé nǹkan kan. Sáàmù, àárín ló máa ń wà, ọwọ́ méjèèjì á wúwo bákan náà.”

Mo ní, “Ẹ mọ̀, ẹ sì tún kà á?”

Wọ́n ní, “Mo fẹnu sọ ọ́ fún ọ, o ní Sátidé. Sátidé dé, o ní kò ní nǹkan kan. Nígbà tí mo rí i pé o wá ń dán mi wò, mo ní, ó ti fẹ́ rí i wàyí, kí n má paná mọ́ ọn lójú.”

Mo béèrè ìdí tí wọn kò fi pariwo mọ́ mi. Wọ́n ní ẹni tí kò lè kàwé mọ́, ta ni á ní kó máa kọ́ kíláàsì. Wọ́n ní àti pé mo níṣẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n sọ ìyẹn láìsí ìbínú rárá. Ì bá sàn kí wọ́n bínú.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Ẹrẹ́nà

Ọjọ́ ìbí. Màmá sọ fún kíláàsì fúnra wọn pé ojú ti ṣòjòjò, kí ẹlòmíì máa kà, kí àwọn máa ṣàlàyé. Ìyá kan ní, “A ti mọ̀ látìgbà tí o ti ń kí òpó ṣọ́ọ̀ṣì.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Màmá pàápàá. Àwọn ìyá àgbà ti mọ̀. Èmi ni n kò mọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Ẹrẹ́nà

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló ṣe iṣẹ́ abẹ ojú òsì náà. N kò fọwọ́ kàn án. Mo jókòó síta lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn ẹbí aláìsàn yòókù, a jọ ń wo ilẹ̀kùn.

Ọjọ́bọ̀, 20 Ẹrẹ́nà

Mo dá Pupa padà. Jẹ́jẹ́ béèrè bí Màmá ṣe yan Búlúù. Mo ní wọn kò tíì yàn án.

Ní ìrọ̀lẹ́ mo ka orí kan sí wọn létí nínú Búlúù, pẹ̀lú àlàyé ìsàlẹ̀ ewé. Ojú òsì ṣì wà nínú báńdéèjì. Wọ́n tẹ́tí títí mo fi dé òpin. Wọ́n ní, “Ó dáa. Àmọ́ ó ń ṣàlàyé jù. Ó jọ ọ́.”

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 Ẹrẹ́nà

Mo wà nílé. N kò lọ ibì kankan.

Báńdéèjì ti kúrò. Màmá jókòó sí ojú fèrèsé. Wọ́n fi ọwọ́ bo ojú òsì, kí wọ́n lè dán ọ̀tún wò. Mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, mo gbójú sí ilẹ̀. Wọ́n gbọ́wọ́ kúrò. Wọn kò sọ nǹkan kan lórí rẹ̀, wọn ò sì ní sọ, bí mo ṣe mọ̀ wọ́n. Èmi ni n ó máa gbé e.

Wọ́n ní kí n gbé Búlúù wá. Fúnra wọn ni wọ́n ṣí i, ní àárín. Wọ́n tẹ orí ba, wọ́n fi ìka sórí ìlà, wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kẹta. Wọ́n padà. Wọ́n ń pe é ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Wọ́n tún kọsẹ̀ níbi àfonífojì. Wọ́n gbórí sókè.

“Èyí kọ́ ni mo mọ̀. Ta ló yí i padà?”

Mo sún mọ́ wọn. Mo ní, “Màmá, ṣé ẹ rí i, àwọn tó tú èyí, ìtumọ̀ ni wọ́n ń –”

Wọ́n ní, “Dákẹ́ ná. Mò ń kàwé.”