Mo Mọ Ibi Tí Omi Máa Dé

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹfà
Ọ̀kín jí iṣẹ́ mi gbé. Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ ná, kí n tó jẹun. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi rìn lẹ́bàá odò ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ yìí, nínú bàtà òjò tó ń jò, mò ń wọn ilẹ̀, mò ń ya ibi tó yẹ ká gbin igi sí kí omi yéé jẹ bèbè. Lónìí, Ọ̀kín tó ń ṣe ọ̀gá wa kan àwòrán mi mọ́ ògiri níwájú àwọn àlejò, ó ní òun lòun yà á. Ó wá nàka sí mi: "Àǹtí yìí ló ń bá wa pọnmi." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ àwa méjèèjì la jọ filé sílẹ̀ wá ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ nílẹ̀ onílẹ̀. Ó dáa. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ọjọ́rú, 5
Ọ̀kín ti sún ibi tá a máa gbin igi sí wá sísàlẹ̀, síbi tí odò ti ṣẹ́ kọ́nà. Ìdí? Ibẹ̀ ni kámẹ́rà ti máa rí i dáadáa látorí afárá. Ìyá alágbàfọ̀ tó ń gbé létí odò ti sọ fún mi pé òjò ńlá kan ṣoṣo, omi á gun ibẹ̀ dé orúnkún. Ó yẹ kí n sọ. Mi ò ní sọ. Ṣebí òun ló yà á? Kó máa yà á lọ.

Ẹtì, 7
A gbin igi igba ó lé méjìlá. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìndínlógún, ọwọ́ gbogbo wọn bó. Ọmọ ajórin — aṣáájú wọn, àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ le bíi ti bàbá ẹ̀ tó ń jórin — rọra sún mọ́ mi, ó bi mí bóyá omi ò ní dé ibi tá à ń gbìn sí. Mo ní kó lọ bi ọ̀gá. Ó lọ. Ọ̀kín ní kó panu mọ́, kó máa gbẹ́lẹ̀. Ọmọ náà tún wò mí. Mò ń yọ ẹrẹ̀ lára bàtà.

Àìkú, 9
Ojú ọ̀run mọ́ kedere. Inú ń bí mi.

Ìṣẹ́gun, 11
Ẹ̀wù funfun ni Ọ̀kín fẹ́ wọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tí àwọn àlejò ń bọ̀ wá wo igi. Ó ti lọ ẹ̀wù náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìkùukùu díẹ̀ ti ń kó jọ.

Ọjọ́bọ̀, 13
Òjò. Láti ìdájí títí di agogo mẹ́wàá. Ìgbà tá a débẹ̀, odò ti gbá àwọn igi lọ; ó ku mọ́kàndínlógún, wọ́n dojú bolẹ̀ bí ẹni tí wọ́n nà. Àwọn àlejò dúró lórí afárá. Ọ̀kín ń làágùn nínú ẹ̀wù funfun. Mo wò ó ní àwòyó.
Ló bá lanu. Ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni kò gbẹ́lẹ̀ jìn, aṣáájú wọn ló ya ọ̀lẹ. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yọ ọmọ ajórin kúrò nínú ẹgbẹ́ tó ń gbin igi lójú gbogbo wa. Ọmọ náà ò sunkún. Ó ń wo ọwọ́ ara ẹ̀.
Mo dákẹ́. Ìwé nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún: mo dákẹ́.

Ẹtì, 14
Tí mo bá fẹ́ mú Ọ̀kín, àfi kí n fi ara mi ṣe ìjẹ. Kò burú. Mo gbé ìwé tí mo kọ́kọ́ ya odò sí lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Ọjọ́ wà lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí wọ́n pe Ọ̀kín, kí wọ́n pe ọmọ ajórin. Mo sọ gbogbo ẹ̀. Ọ̀kín ń wo àwọn ọjọ́ tó wà lójú ewé. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bẹ ọmọ náà, wọ́n wá kọjú sí mi.
"Àǹtí, láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"
"Ká tó gbin ẹyọ kan, mà."
Ọmọ ajórin yíjú sí mi. "Mo bi yín léèrè." Kò pariwo.

Àbámẹ́ta, 15
Ọ̀kín ti bá ọkọ̀ òwúrọ̀ lọ. Wọ́n ní kí èmi náà máa lọ lọ́la. Mi ò ní purọ́ fún ìwé: inú mi dùn pé ó lọ. Tí wọ́n bá dá a padà, màá tún lé e.
Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbẹ́ ihò tuntun lórí ilẹ̀ gíga, ìyá alágbàfọ̀ ń fi ibi tí omi kì í dé hàn wọ́n. Mo mú ṣọ́bìrì kan. Ọmọ ajórin gbà á lọ́wọ́ mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń gba ẹrù lọ́wọ́ àgbà.
"Ẹ jókòó, Àǹtí. Ẹ ti ṣe tiyín."