Ẹ̀wù Tí Irin Ń Bẹ̀rù

Ọmọ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Àlàáfíà ni kí o fi ka ìwé yìí, kí ẹnu tí o fi kà á má ṣe wá oúnjẹ tì. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń ṣe tinú rẹ̀. Télọ̀ tó kọjú sí ilé wa ló ń bá mi kọ ọ́. Ó ní kí n sọ pé àárò rẹ ń sọ mí, mo ní kó kọ ohun tí mo bá sọ.

Wọ́n lẹ ìwé ìkéde méjì mọ́ ògiri ilé ìwòsàn. Ọ̀kan ní ìjọba ń wá àwọn tí yóò ṣiṣẹ́ ìkànìyàn, èkejì ní wọ́n fẹ́ kí ọ̀nà àríwá yìí yé pa èèyàn. Inú mi dùn, ìwà ọlọ́gbọ́n ni: ẹni tó bá ka adìẹ rẹ̀ ló ń mọ èyí tí àṣá gbé. Mo lọ gba iṣẹ́. Ọ̀gá wọn, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń wọ bàtà dídán nínú eruku, bi mí bóyá mo mọ̀wé. Mo ní ṣé èèyàn ni wọ́n fẹ́ kà àbí ìwé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa mú àwọn òṣìṣẹ́ òun wọlé oníkálukú, nítorí kò sí ajá àdúgbò yìí tó ń gbó mọ́ mi.

Àwọn ọmọ náà gbọ́n. Inú fóònù ni wọ́n ń kó wa sí. Ilé mẹ́tàdínlógójì ló wọ inú ẹyọ kan lọ́jọ́ kìíní, kò sì wú. Mo ní kí wọ́n rọra máa gbé e, aboyún wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀wù tí wọ́n fún mi ló ya mí lẹ́nu. Kò lápá, ó pọ́n bí ọsàn, ìlà méjì tó ń dán dábùú àyà rẹ̀. O ṣáà mọ ìyànà iwájú ilé wa, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù ti gba ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́ aránbàtà, ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ iléèwé ń gbà kọjá. Àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọ̀nà kun ìlà funfun síbẹ̀, wọ́n ní ọkọ̀ yóò máa dúró fún un. Mo wò ó títí. Kò lójú, kò lẹ́nu, ọkọ̀ sì ń gùn ún kọjá. Lọ́jọ́ tí mo wọ ẹ̀wù yìí bọ́ sí títì, akẹ́rù tó ń bọ̀ tẹ búrẹ́kì, ó dúró gbọnyin. Awakọ̀ yọrí, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀gá wa." Bàbá rẹ àgbà kò pè mí bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú. Ohun tí wọ́n fi hun aṣọ náà, mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n irin ń bẹ̀rù rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń mú àwọn ọmọ kọjá láràárọ̀. Télọ̀ ní kì í ṣe aṣọ, pé àwọn awakọ̀ rò pé òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí. Mo ní kó wọ búláòsì tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán, kó bọ́ síbẹ̀ ká wò ó. Kò tíì lọ.

Ìkànìyàn parí lọ́jọ́ Ẹtì. Ọ̀gá wá gba ẹ̀wù, ó ní ó wà nínú àkọsílẹ̀ òun, dandan ni kó padà. Mo bọ́ ọ fún un. Mo ní, "Ìwọ wọ̀ ọ́, kó o wá dúró síbẹ̀. Aago méje ni wọ́n ń kọjá." Ó gbé e lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo rí i, ó ti wọ̀ ọ́, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ó dá ọkọ̀ mọ́kànlá dúró. Nígbà tí ọmọ tó kẹ́yìn fi kọjá, òógùn ti bò ó. Ó bọ́ ẹ̀wù náà, ó ká a, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní òun yóò kọ ọ́ pé ó sọnù. Èèyàn gidi ni.

Nítorí náà, má fi owó ránṣẹ́ lóṣù yìí. Irú ẹ̀wù yẹn kan ni kí o rà, kó fẹ̀ dáadáa, torí télọ̀ ti gbà láti máa dúró ní òdìkejì títì, ó sì sanra. Ó ní òun kò ní kọ ìyẹn. Mo ní kó kọ ọ́.

Tí ọkọ̀ tó gbé ọ bọ̀ bá dé ìyànà wa láàárọ̀, má sọ fún awakọ̀ pé ìyá rẹ àgbà ni mí. Ẹ ó dúró bíi ti gbogbo èèyàn títí àwọn ọmọ yóò fi kọjá tán.

Ọjọ́ tí ebi bá ń pa ọ̀nà, ilé ni yóò bá ọ. Èmi ń ṣọ́ ti ibí, kí Olódùmarè ṣọ́ èyí tí ojú mi ò tó.

Èmi ni, ìyá rẹ àgbà. Àtàǹpàkò mi rèé nísàlẹ̀.