Kámẹ́rà Yín Méjì àti Eré Ìkẹyìn Títí

Bàbá mi àtàtà,

Inú ṣọ́ọ̀bù yín ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Mo ṣì ń gbá a, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń wọlé wá ya fọ́tò kò pọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà yín méjèèjì ni mo bá wá, nítorí n kò rí ẹlòmíì tí yóò yé.

Orúnkún Títí ti bàjẹ́. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló kù, kò sì gbọdọ̀ sáré mọ́. Àbúrò mi sunkún títí Màmá fi gbà pé kó sá eré ìdíje ilé-ìwé wọn ti ọdún yìí, kó fi dágbére. Ẹ mọ Màmá, tíṣà ni, kì í yí ọ̀rọ̀ padà. Àmọ́ láti ìgbà tí ẹ ti lọ, kò lè sọ pé rárá fún Títí mọ́.

Títí wá bá mi. "Àǹtí mi, kámẹ́rà Bàbá ni kẹ́ ẹ fi yà mí o. Fóònù yín yẹn, ẹ̀yìn mi nìkan ló máa ń rí." Òótọ́ ló sọ. Kí fóònù mi tó yà á, ẹni tó ń sáré á ti kọjá.

Fíìmù kan ṣoṣo ló kù. Inú èwo ni kí n fi sí? Ẹ kò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yàn. Ẹ kàn máa ń nawọ́ mú ọ̀kan, ẹ ó fi etí síngílẹ́ẹ̀tì yín nu ojú rẹ̀, ẹ ó sì jáde. Kékeré tí ẹ ń pè ní rénjìfáíńdà ni ẹ ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, torí kì í pariwo, àlùfáà kì í wẹ̀yìn. Èyí tó wúwo, SLR, ni ti pápá, torí ó rọrùn láti fi lé ojú ẹni tó ń sáré. Mo mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo yẹ SLR wò: bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, dígí inú rẹ̀ á gbéra, ojú mi á ṣókùnkùn fírí, ní àkókò náà gan-an. Ohun tí mo bá yà ni mi ò ní rí. Ti rénjìfáíńdà kì í ṣókùnkùn. Èèyàn tilẹ̀ ń rí ẹni tó ń bọ̀ kó tó wọnú fọ́tò. Àmọ́ àwòrán méjì ni èèyàn gbọ́dọ̀ yí pọ̀ di ọ̀kan kó tó mọ́, ẹni tó ń sáré ò sì ní dúró deni.

Mo fẹ́ rí i, Bàbá. Mo gbé kékeré.

Ní pápá Àgọ́-Ìwòyè, mo ti yí àwòrán méjèèjì pọ̀ sórí okùn òpin eré bí ẹ ti máa ń ṣe, mo sì dúró de ẹni tó máa dé ibẹ̀. Wọ́n fọn fèrè. Àwọn ọmọ ilé gíríìnì, ilé Títí, ń pariwo: "Títí, ẹsẹ̀ dà! Ẹ̀yin yẹ́lò, ẹ lọ gbé ọ̀kadà!" Òun ló wà níwájú. Ó kù díẹ̀ kó dé ibi okùn nígbà tí mo rí orúnkún rẹ̀ tó yẹ̀. Ọwọ́ mi tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Títí ṣubú. Mo rí gbogbo rẹ̀, ojú mi ò ṣókùnkùn rárá. Kí ni mo wá fi rírí náà ṣe? N ò lè dì í mú. Bí mo ṣe dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn yín lọ́jọ́ tí ẹ jáde láyé náà nìyẹn.

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún Títí. Ó ń fi igi rìn. Fíìmù tí mo fi ránṣẹ́ sí Èkó fún fífọ̀ náà ti dé. Nínú fọ́tò náà, okùn òpin eré mọ́ débi pé èèyàn lè ka fọ́nrán rẹ̀. Títí ni ò mọ́. Ó dà bí èéfín, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀.

"Gbé e pamọ́, jọ̀ọ́," ni Màmá wí. Kí n tó ṣe bẹ́ẹ̀, Títí ti nawọ́ gbà á láti orí àga. Ó wò ó pẹ́.

"Ẹ bá mi fi sí férémù. Mo ṣì ń sáré níbí."

Màmá dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Mo ti fi sí férémù. Ojoojúmọ́ ni mo ń wò ó, n ò sì mọ̀ bóyá ìrora ló wà lójú rẹ̀ àbí ayọ̀. SLR ì bá ti fi hàn wá. Èmi tí mo wà níbẹ̀, tí mo lajú sílẹ̀, orúnkún rẹ̀ ni mo ń wò. N kò lè bi í léèrè. Bàbá mi, ká ní ẹ̀yin ni, èwo ni ẹ̀ bá gbé?

Èmi ni,
àkọ́bí yín tí ọkàn rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ yín.